Ọkùnrin tí Òkun Dá Padà

Òjò ń rọ̀ ní Mikini, àwókù ìlú àwọn ọba àtijọ́, lọ́jọ́ tí Argiro kọ́kọ́ rí i. Ọkùnrin náà pọn ìyá arúgbó kan sẹ́yìn bí ẹní pọn ọmọ, ó ń gun òkè bọ̀ níwájú Ẹnubodè Kìnnìún, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun ti lẹ̀ mọ́ ọn lára pátápátá. Ìyá náà fi ọwọ́ kan di ọrùn rẹ̀ mú, ó fi èkejì na agboòrùn sókè, ṣùgbọ́n orí ara tirẹ̀ nìkan ni agboòrùn ọ̀hún bò. Gbogbo omi tó ń ṣàn lórí rẹ̀ ló ń dà sí ọkùnrin náà lójú. Síbẹ̀, ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín.

Argiro ti kó àwọn èrò tirẹ̀ sábẹ́ ẹnubodè, wọ́n há mọ́ra wọn bí àgùntàn. Ó ń sọ fún wọn nípa kìnnìún méjì tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta lókè wọn, tí orí wọn ti já dànù láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò lè rántí mọ́. Nígbà tó rí ohun tó ń gun òkè bọ̀, ó dá ìtàn náà dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ṣé ẹṣin ni yín ni?" ó kígbe sí i.

"Ẹṣin kẹ̀?" Ọkùnrin náà ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni mí. Ẹṣin ò lè gba irú iṣẹ́ yìí."

"Òkúta yẹn ń yọ̀! Tí ẹ bá gbé ìyá onírun funfun yìí ṣubú, èmi ni wọ́n máa bi."

"Ẹ sọ fún wọn pé ọba ayé àtijọ́ kan ló tì mí. Ta ló máa lọ bi í?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Argiro kó tó mọ̀. Ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ kó wà. Ó ti pẹ́ gan-an tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ọkùnrin náà rọra gbé ìyá náà kalẹ̀ sórí òkúta gbígbẹ kan lábẹ́ ẹnubodè. "Ìyá ní àwọn ò ní í kú láìrí ibí yìí," ó ṣàlàyé. "Kí ni mo fẹ́ wí? Fanuris lorúkọ mi. Èmi ni mò ń bójú tó àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi tó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ wo ìlú."

"Argiro," ni ọmọbìnrin náà dá a lóhùn ṣókí. Ó gbé pátákó tí àwọn èrò rẹ̀ fi ń dá a mọ̀ sókè, ó kó wọn lọ. Ṣùgbọ́n kó tó yà sí kọ̀rọ̀ ògiri, ó bojú wẹ̀yìn.

Iṣẹ́ afinimọ̀nà ni Argiro ń ṣe. Láti ìgbà tí ọsàn bá ti ń tanná títí di ìgbà tí òjò ìgbà òtútù yóò fi bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńláńlá a máa dúró lójú omi Nafplio, ọkọ̀ kékeré a kó àwọn èrò wọn wá sétí omi, bọ́ọ̀sì a sì gbé wọn wá sí òkè Mikini. Olúkúlùkù a lẹ nọ́ńbà bọ́ọ̀sì rẹ̀ máyà. Púpọ̀ nínú wọn a máa béèrè ilé ìtọ̀ kí wọ́n tó béèrè ọba. Argiro a fi sùúrù dá wọn lóhùn, a sọ ìtàn tó ti sọ láìmọye ìgbà, a sì kó wọn padà kí ọkọ̀ má baà fi wọ́n sílẹ̀.

Abúlé tó wà nísàlẹ̀ òkè náà ni wọ́n bí i sí, níbi tí Pantelis bàbá rẹ̀ ti ní oko ọsàn. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá èyí tí àwọn aládùúgbò fi ń béèrè ìgbà tí yóò lọ sílé ọkọ. Wọ́n ti béèrè béèrè, ó ti rẹ̀ wọ́n. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ilé ọ̀fọ̀ ni ilé Pantelis, àti pé ọ̀fọ̀ ibẹ̀ kì í tán.

Nígbà tí ọkọ̀ Fanuris tún padà wá, oòrùn ti ràn. Argiro ń ka èrò lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì nígbà tó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ ka èmi náà mọ́ wọn o. N ò pọn ẹnikẹ́ni lónìí."

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í wọ bọ́ọ̀sì," ni Argiro fèsì láìbojúwẹ̀yìn.

Timios awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà onírunmú ni, ó ti pẹ́ tí òun àti Argiro ti jọ ń ṣiṣẹ́. "Argiro, ọmọ mi, ṣé ìwọ lo sọ̀rọ̀ yẹn? Ẹ jẹ́ kí n wojú ẹni tó mú un ṣàwàdà."

Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ti dé ni Fanuris ń wá ìdí kan tí yóò fi bá bọ́ọ̀sì Argiro lọ. Lọ́jọ́ kan, ó ní ọkùnrin kan nínú èrò ń ṣàìsàn, òun gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ. Ọkùnrin tó pè ní aláìsàn ọ̀hún ló kọ́kọ́ sáré dé orí òkè. Lọ́jọ́ mìíràn, kò tilẹ̀ sọ ìdí kankan mọ́, ó kàn gbé kọfí gbígbóná méjì wọlé, ó fún Timios ní ọ̀kan, ó fún Argiro ní ìkejì.

"Tìẹ ńkọ́?" ni Argiro bi í. Ó ti ń pè é ní ìwọ nígbà náà.

"Mò ń retí pé wàá ṣẹ́ díẹ̀ kù fún mi."

Ọmọ Kasos ni Fanuris, erékùṣù kékeré olókùúta kan tí afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí igi ga níbẹ̀. Gbogbo ọkùnrin ìdílé wọn ló jẹ́ atukọ̀. Ó máa ń sọ̀rọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í sùn. Ó rí i pé aṣọ dúdú àti aláwọ̀ eérú nìkan ni Argiro máa ń wọ̀. Ó tún rí i pé bí Argiro bá ti dé àyíká ibojì tó wà nínú ẹnubodè lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí wọ́n ti hú àwọn ọba jáde pẹ̀lú wúrà lójú wọn, ohùn rẹ̀ á di gbígbẹ, á kẹ̀yìn sí ibẹ̀, á sọ ohun tó yẹ kó sọ, á sì kúrò kíá.

"Kí ló dé tí o fi máa ń kẹ̀yìn sí ibẹ̀ yẹn?" ni Fanuris bi í lọ́jọ́ kan, nígbà tí àwọn èrò ń ya fọ́tò.

Argiro wo ihò olókùúta tó rí rìbìtì nísàlẹ̀ wọn. Koríko ti hù sínú rẹ̀.

"Ó ń bí mi nínú ni."

"Òkú àtijọ́ ló ń bí ọ nínú?"

"Wọ́n rí wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, wọ́n sì tún rí wọn níbi tí wọ́n tẹ́ wọn sí." Ó tọ́ka sísàlẹ̀. "Atukọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi, Lambros. Ọkọ̀ akẹ́rù ló bá lọ. Ìjì gbá a kúrò lórí ọkọ̀ lójú òkun, níbi tó jìnnà gan-an sí ìhín. A ò rí i. Aṣọ rẹ̀ la sin. Àpótí yẹn fúyẹ́ jù, Fanuris. Àwọn tó gbé e ò mọ bí wọ́n ṣe máa rìn kó lè dà bíi pé ó wúwo."

Fanuris kò kí i kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó súnmọ́ ọn, wọ́n jọ dúró, wọ́n ń wo koríko inú ihò náà títí Timios fi fọn fèrè bọ́ọ̀sì.

Nígbà tí ooru dé, tí ilẹ̀ gbẹ tí koríko sì di pupa, inú ibojì ńlá tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wọn ti jáde. Ibojì náà ga, òrùlé rẹ̀ rí bí inú agbè, bí èèyàn bá sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ògiri á tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Àwọn èrò ti jáde lọ wá omi tútù. Argiro ń wò bóyá ẹnikẹ́ni ṣì kù lẹ́yìn, ó gbọ́ tí Fanuris rọra pe orúkọ rẹ̀ láti àárín òkùnkùn.

"Argiro."

*Argiro*, ni òkúta náà wí láti òkè.

"Má pe orúkọ alààyè níbí," ni Argiro wí.

"Alààyè ni mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́ sí. Ọ̀dọ̀ òkú lo máa ń wà láàárọ̀, ọ̀dọ̀ òkú lo tún ń sùn. Ẹyinjú mi, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. N ò mọ ibi tó dára láti sọ ọ́ ju ibi tí mo bá ti rí ọ lọ."

Argiro yíjú sí ibi tí ohùn náà ti wá. Ó na ọwọ́ sínú òkùnkùn, ó wá ọwọ́ rẹ̀ rí, ó dì í mú. Ọwọ́ tirẹ̀ tutù, ti Fanuris gbóná. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jáde síta, wọn kò sì já ara wọn sílẹ̀ títí wọ́n fi dé ibi tí àwọn èrò ti lè rí wọn.

Àìpẹ́ sí i, Fanuris ní òun fẹ́ dé ilé wọn.

"Má wá," ni Argiro bẹ̀ ẹ́. "Bàbá mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ òkun. Wọ́n ti kan fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ pa."

"N ò fẹ́ kó jẹ́ pé láàárín òkúta nìkan la ó ti máa rí ara wa. Jẹ́ kí wọ́n kọ̀ mí lójú mi."

Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú páálí súìtì lọ́wọ́, àti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, nítorí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní í pẹ́ gbéra. Pantelis jókòó sábẹ́ igi àjàrà nínú àgbàlá. Ọkùnrin gbígbẹ ni, ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Kò ní kí àlejò jókòó.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Iṣẹ́ ojú omi ni, Bàbá."

"Mo ríran. Mo kàn fẹ́ kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ ni." Pantelis wo Argiro, ó tún wo àlejò. "Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún mi láyé. N ò ní í fi í fún omi."

"Omi kọ́ ló ń tọrọ rẹ̀, Bàbá. Èmi ni."

Àkókò náà ni Kaliroi, ìyá Argiro, gbé kọfí jáde. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin àpótí tó ṣófo yẹn, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, kì í sì í sùn. Ó dúró níwájú àlejò, ó tẹjú mọ́ fìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi," ó wí, "ṣé o ti ṣubú sínú òkun rí?"

Argiro dìde. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Òun ni mo bi."

Argiro rí i lójú Fanuris pé ó ń ronú irọ́ tó lè pa. Lẹ́yìn náà, ó rí i pé ó ti jù ú nù.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Nígbà tí mo wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ìgbà òtútù ni. N ò mọ nǹkan kan mọ́ nígbà tí wọ́n fi fà mí jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi bọ́ sí ọkọ̀ èrò."

"Ṣé ó dùn ọ́?"

"Ó dùn mí níbẹ̀rẹ̀. Òtútù yẹn ń gún ni bí ọ̀bẹ. Lẹ́yìn náà, ó lọ. N ò mọ ọwọ́ mọ ẹsẹ̀ mọ́, oorun ń kùn mí. Ẹ̀rù ò bà mí mọ́."

"Ṣé o pe ẹnikẹ́ni?"

Fanuris tẹrí ba. "Mo pe ìyá mi."

Kaliroi rọra gbé àwo kọfí náà kalẹ̀ sórí ilẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í, igbe kan sì jáde láti inú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí, kódà lọ́jọ́ ìsìnkú. Àwọn ará ilé kejì yọjú lórí ògiri. Pantelis dìde, àga rẹ̀ ṣubú.

"Jáde! Jáde kúrò nílé mi! Òkun ti pa á lẹ́ẹ̀kan, o tún wá pa á lójú ìyá rẹ̀!"

Argiro ti gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra. Gbogbo ara ìyá náà ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹyẹ tí wọ́n mú, ẹ̀rù sì bà á débi pé kò mọ ohun tó ń sọ mọ́.

"Máa lọ, Fanuris. Má sì bá bọ́ọ̀sì mi lọ mọ́."

"Argiro, wọ́n bi mí ni."

"O lè parọ́! Gbogbo èèyàn ló ń parọ́ fún wọn!"

"Ìdí nìyẹn tí n ò fi parọ́."

Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu géètì, bóyá wọ́n á tún pè é. Wọn kò pè é. Ó lọ.

Ó sì ṣe ohun tí Argiro wí. Nígbà tí ọkọ̀ tún dé, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí Argiro kò mọ̀ ló kó àwọn èrò wá. Gbogbo àkókò ooru náà, ọmọbìnrin yìí ló ń wá. Argiro a dúró létí omi Nafplio, a wo ọkọ̀ funfun ńlá tó dúró lókèèrè lórí omi, a máa ka fèrèsé rẹ̀ láìmọ ìdí. Ó ń sọ ìtàn àwọn ọba, ṣùgbọ́n àwọn èrò kì í rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ọkùnrin yẹn wà nínú ọkọ̀ lọ́hùn-ún," ni Timios wí. "Ìwọ wà níbí. Kí lẹ ń dúró dè?"

"Ẹ wa bọ́ọ̀sì yín, Bàbá."

"Mò ń wà á. Ojú mi kọ́ ló ń wà á, ọwọ́ mi ni. Ojú mi ń wò ọ́ bí o ṣe ń rù."

Nílé, ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí ṣẹlẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí Kaliroi sunkún yẹn, ó sùn títí oòrùn fi ga lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ Lambros. Ó ń sọ bí ó ṣe máa ń hanrun, bí ó ṣe máa ń jí ọ̀pọ̀tọ́ àlùfáà ká, tí á sì gbé e wá fún un bí ẹni pé ó rà á. Pantelis a máa dìde lọ sí oko nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀. Argiro a máa jókòó tì í, a máa gbọ́.

Ṣùgbọ́n ọkàn Kaliroi ti rẹ̀ tipẹ́, dókítà sì ti kìlọ̀. Nígbà tí wọ́n ń ká àjàrà, kò lè dìde mọ́.

"Ọkùnrin tó sọ òtítọ́ fún mi dà?" ó bi Argiro lórí ibùsùn. "Ibo lẹ lé e gbà?"

"Ó pa yín lẹ́kún, Ìyá."

"Ẹkún yẹn ti wà nínú mi láti ọjọ́ yìí, ó ń pa mí. Ó kàn ṣílẹ̀kùn fún un ni. Àlùfáà ní ọmọ mi wà lọ́run. Bàbá rẹ ní ká má dárúkọ rẹ̀. Ìwọ náà, tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, o máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹni yẹn nìkan ló mú mi dé ibi tí ọmọ mi wà." Ó sinmi díẹ̀. "Lọ wá a rí. Tí mo bá lọ, ẹ má fi ọ̀fọ̀ mi dá ara yín dúró. Ọ̀fọ̀ ti gba ọdún rẹ púpọ̀, ọmọ mi, mo sì ń wò ó."

Ó kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Pantelis jókòó tì í, ó ń bó ọ̀pọ̀tọ́ fún un. Ó bó o tán kó tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò jẹ ẹ́ mọ́.

Argiro padà sẹ́nu iṣẹ́ nínú aṣọ dúdú. Ó pe fóònù Fanuris, kò wọlé. Nígbà tí ọkọ̀ náà dé, ó lọ bá ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kó èrò sọ̀kalẹ̀.

"Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún Fanuris pé ìyá mi ti kú. A ó ṣe ìrántí ogójì ọjọ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wa lọ́jọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù yìí. Sọ fún un pé ìyá mi ló ní kí n pè é." Ó yípadà láti máa lọ, ó tún padà wá. "Rárá. Sọ fún un pé èmi ni mo pè é."

Lọ́jọ́ ìrántí náà, ìkùukùu sọ̀kalẹ̀ débi pé a kò rí orí òkè mọ́. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin ń pín àlìkámà sísè oníṣúgà nínú ọgbà òkú. Argiro gbé ojú sókè, ó rí Fanuris lẹ́yìn ògiri, nínú kóòtù dúdú kan tí apá rẹ̀ kúrú jù. Ó ti rù. Kò wọlé. Ó kàn dúró síbẹ̀ bí ẹni tí kò dá lójú pé òun lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀ náà.

Pantelis náà ti rí i. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tẹlẹ̀ lọ sẹ́nu géètì. Àwọn obìnrin dáwọ́ pínpín dúró. Argiro tẹ̀ lé e tòun ti abọ́ àlìkámà lọ́wọ́.

"Wọlé," ni Pantelis wí.

Ó mú un lọ síwájú ibojì méjì. Erùpẹ̀ ọ̀kan ṣì tutù. Èkejì ni ti àpótí tó ṣófo. Kò wojú ẹnikẹ́ni bó ti ń sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo mú un lọ sí èbúté Pireas. Òtútù pa gbogbo ọsàn lọ́dún yẹn, mo ní kó lọ wá iṣẹ́ ojú omi. Kò fẹ́ lọ. Mo pè é ní ọ̀lẹ níwájú ìyá rẹ̀." Ó ti ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Nígbà tí o wà nínú omi yẹn, ṣé o bínú sí ẹnikẹ́ni?"

 Fanuris ronú sí i dáadáa, bí ẹni tí wọ́n bi ní ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣì.

"Bàbá, ọ̀gá kan ló rán mi lọ síbi tí mo ti ṣubú. Mo ti ṣépè fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà nínú omi, n ò rántí rẹ̀ rárá. Àwọn tí mo fẹ́ràn nìkan ni mo rántí."

Pantelis mi orí. Ó mi orí, ó tún mi orí. Ó fi ọwọ́ kan òkúta ibojì ọmọ rẹ̀, ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ fi bọ́ sí i lórí.

"Òjò ti dé," ó wí fún Fanuris. "Mú ọmọbìnrin yẹn lọ sábẹ́ òrùlé. Òtútù máa ń tètè mú un."

Wọ́n dúró lábẹ́ ìloro ṣọ́ọ̀ṣì, òjò ń rọ̀ níwájú wọn.

"Mo lé ọ," ni Argiro wí.

"O lé mi."

"Ó yẹ kí o máa bínú."

"Mo bínú. Gbogbo ìgbà ooru ni mo fi bínú. Mo bá ẹja inú omi jà."

"Ṣé ó ti tán báyìí?"

"Ó kù díẹ̀. Fún mi ní àlìkámà yẹn ká wò ó."

Argiro fún un. Ó jẹ ẹ́, omi bọ́ lójú rẹ̀ bó ti ń jẹ ẹ́, kò sì nù ún.

"Tí o bá ní kí n fi òkun sílẹ̀," ó wí, "màá fi í sílẹ̀."

Argiro wo òjò náà pẹ́. Ó ronú nípa àwọn ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ yóò máa fẹ́, tí kò ní í mọ ibi tí ọkùnrin yìí wà. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń rí, ó ti rí wọn lójú ìyá rẹ̀.

"N ò ní í sọ bẹ́ẹ̀," ó dáhùn nígbẹ̀yìn. "Ẹ̀rù á máa bà mí. Jẹ́ kó máa bà mí. N ò fẹ́ ọkọ tí yóò máa wo òkè Mikini bí ẹni tó wà lẹ́wọ̀n."

"Ọkọ?" Fanuris yíjú sí i. "Mi ò tíì béèrè o."

"Kí lo wá ń dúró dè?"

Ó gbé abọ́ àlìkámà náà sílẹ̀, ó mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Argiro, ọmọ Kaliroi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ọ, ẹyinjú mi," ni Argiro wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gbéyàwó nígbà òtútù, gẹ́gẹ́ bí Kaliroi ṣe fẹ́, wọn kò dúró de ìparí ọ̀fọ̀. Kò sí orin, kò sí ijó. Ìyá Fanuris ti Kasos wá. Ìjì dá a dúró lọ́nà, ó dé láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an pẹ̀lú bàtà tó tutù rinrin. Argiro wọ aṣọ aláwọ̀ eérú, àlùfáà dé wọn ládé funfun méjì tí rìbọ́nì kan so pọ̀, ó sì mú wọn yí tábìlì ká, òjò sì ń lu òrùlé tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi gbọ́ ìdajì àdúrà. Níbi oúnjẹ, àwọn èèyàn ń jẹ ẹran àgùntàn wọn jẹ́jẹ́ bí ẹni wà níbi òkú, títí Timios fi sọ ìtàn ọkùnrin tó pọn ìyá arúgbó gun òkè. Ẹ̀rín bú, gbogbo wọn sì yára wo ojú Pantelis. Pantelis ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kún fún omi.

Nígbà tí ọsàn tún tanná, Fanuris padà sínú ọkọ̀. Àárọ̀ kùtù ló lọ. Argiro sìn ín dé Nafplio, kò sunkún níbẹ̀. Ó padà sí òkè, ó kó èrò kiri, ó dáhùn ìbéèrè wọn. Ilé ló dé kó tó jókòó sẹ́bàá ààrò, tó fi aṣọ bojú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mi àwọn igi ọsàn. Argiro ń fọ abọ́, etí rẹ̀ wà níta. Ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń tú nǹkan nínú yàrá, ó sì gbọ́ ariwo rédíò, gbárururú, bí ẹni tó ń wá ibùdó tí kò mọ̀. Lẹ́yìn náà, ohùn ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka bí ojú ọjọ́ ṣe rí lórí omi: Kitira, Malea, Kasos.

Pantelis fi etí sí i títí ó fi kà á tán. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ sí.

"Afẹ́fẹ́ ìhín nìkan ni," ó wí. "Lọ́dọ̀ tiwọn lọ́hùn-ún, omi dákẹ́. Ọkọ rẹ á rí oorun sùn."